Mi Ò Tíì Bọ́jú: Ọjọ́ Méje ní Ìlú Àrèmábọ̀

Ẹ gbé àpótí yẹn sún mọ́ mi díẹ̀ sí i, ohùn mi kò lọ jìnnà mọ́. Ṣíjúwadé, ìwọ ọmọ ọmọ mi, gbé àpò ńlá yẹn kúrò lójú ọ̀nà kí n má baà fẹsẹ̀ kọ ọ́. Àpò mẹ́ta nítorí ọjọ́ méje! Ẹ wò ó, ẹ̀yin mẹ́rin tí ẹ fẹ́ wọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá lọ́la, ẹ ní kí n ṣàdúrà fún yín, kí n sì sọ bí àlejò ṣe ń gbé ìlú ńlá fún yín. Mo ti gbọ́. Àdúrà kò ní pẹ́. Ìmọ̀ràn ló máa pẹ́, nítorí n kò lè yọ ọ́ kúrò nínú ìtàn tí mo ti kọ́ ọ.

Ó sì ti rẹ̀ mí o. Kí ẹ tó máa sọ láàárín ara yín pé bàbá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́: èmi Ọdẹ́bùnmi ọmọ Arógundádé, tí mo pa ẹfọ̀n méjì ní ọjọ́ kan ṣoṣo, tí mo ń fi etí kan gbọ́ ìrìn òkété tí mo sì ń fi èkejì gbọ́ ìrìn ẹkùn, kò sí ohun tó rẹ̀ mí rí tó ọjọ́ méje tí mo lò ní ìlú Àrèmábọ̀. Ọrùn mi tó tẹ̀ sí apá òsì yìí, ibẹ̀ ni mo ti gbé e bọ̀. Látúndé, máa rẹ́rìn-ín. Ìwọ ni ìlú ńlá máa kọ́kọ́ mú láàárín yín.

Èmi àti àbúrò mi kan ṣoṣo, Ọdẹ́rìndé, la jọ ń gbé lọ́dọ̀ ìyá wa, Àwẹ̀ró. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo jókòó síwájú ilé pẹ̀lú àwọn àlejò tó wá láti ilé ìyàwó tí Ọdẹ́rìndé fẹ́ fẹ́. Bí òun fúnra rẹ̀ ṣe jáde láti inú yàrá nìyẹn, ó kọjá níwájú mi, kò kí mi, kò kí ẹnì kankan nínú àlejò, ó forí lé ẹ̀yìnkùlé. Inú bí mi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí nísinsìnyí, ẹ kò mọ bí inú ṣe máa ń bí mi nígbà náà. Mo pè é padà. Ó yíjú sí mi, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń fi ìka tọ́ka sí ojú ara rẹ̀. Mo ní, "Èmi lò ń nàka sí?" Mo gbá a létí níwájú àwọn àna rẹ̀. Mo ní ọmọ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà, kí ló ń wá nílé ènìyàn? Kó máa bá ẹranko gbé nínú igbó.

Ó wọlé lọ kó aṣọ rẹ̀ méjì, ó sì lọ.

Ìgbà tó ti lọ tán ni ìyá wa jáde, tó bi mí pé kí ló dé tí ariwo fi pọ̀. Mo ṣàlàyé. Ìyá wa káwọ́ lérí. "Ọdẹ́bùnmi," ó ní, "ọmọ náà kò tíì bọ́jú."

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń jí, ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ. Láyé tiwa, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, tí kò tíì fi omi bọ́jú, kò gbọdọ̀ kí ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bínú sí i. Yóò kọjá jẹ́ẹ́jẹ́ lọ sídìí omi, yóò bọ́jú, yóò fọ ẹnu, lẹ́yìn náà ni yóò wá dọ̀bálẹ̀. Ìdí omi ni àbúrò mi ń lọ. Ó ń fi ìka sọ ọ́ fún mi, mo sì gbá a létí.

Ọdún mẹ́ta kọjá. Àwọn ọdẹ tó ń rìn jìnnà sọ pé àwọn rí i ní Àrèmábọ̀, ìlú tó tóbi jù nínú gbogbo ìlú àwọn iwin, pé ẹrù wà lórí rẹ̀ tí àwọn kò lè fẹnu sọ bó ṣe tóbi tó. Nígbà tí ìròyìn yìí dé, ìyá wa ti ń ṣàìsàn tí kò lè dìde lórí ẹní mọ́. Ó ránṣẹ́ pè mí ní kùtùkùtù.

"Lọ mú àbúrò rẹ wá fún mi," ó ní. "Mo fẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì dọ̀bálẹ̀ kí mi lẹ́ẹ̀kan náà láàárọ̀, bí ẹ ṣe máa ń ṣe nígbà tí ẹ wà ní kékeré. N kò fẹ́ nǹkan mìíràn mọ́."

Mo ní, "Ìyá mi, ṣé ẹ máa lè dúró?"

Ó ní, "Ìwọ ṣáà tètè dé. Mo mọ bí mo ṣe máa dúró. Àti pé bí wọ́n bá yọ ọ́ lẹ́nu níbẹ̀, má bọ́jú."

Mo rò pé ibà ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mo dá a lóhùn pé mo ti gbọ́, mo sì gbé ìbọn.

Igbó mẹ́ta ni mo là kọjá. Nínú ti àkọ́kọ́, àwọn igi ń bi mí ní orúkọ bàbá bàbá mi, n kò sì gbọdọ̀ ṣì í sọ. Nínú èkejì, iwin kan tí eyín rẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́ bá mi jà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. N kò ní sọ ti ìjà yẹn lónìí, ó rẹ̀ mí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé mo nà án. Ti ẹ̀kẹta, ẹ fi sílẹ̀.

Nígbà tí mo rí ẹnubodè Àrèmábọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, mo rí odò kan lẹ́bàá ọ̀nà. Mo wẹ̀, mo bọ́jú dáadáa, mo wọ dàǹṣíkí mi tó dára jù, kí àwọn ará ìlú lè mọ̀ pé ọmọ ènìyàn gidi ló ń bọ̀. Ẹ gbọ́ ìyẹn o. Ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ wọ ìlú ńlá, ẹ wọ aṣọ tí ẹ fi ń roko. Ẹni tó bá múra bí ọkọ ìyàwó ni gbogbo ojú máa wà lára rẹ̀.

Oníbodè ìlú náà jókòó sílẹ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì wà lórí orúnkún rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bó bá fẹ́ wo òkè, àfi kó kásẹ̀ sókè. Ó so okùn ìko mọ́ mi lọ́wọ́, kókó méje ló wà lára rẹ̀.

"Àlejò," ó ní, "ọjọ́ méje lo ní. Kókó kan á máa tú fúnra rẹ̀ láràárọ̀. Ẹrù tó bá gorí rẹ láàárín ọjọ́ méje, bí o bá gbé e délé ẹni tó ni ín, á sọ̀ kalẹ̀. Bí oòrùn ọjọ́ keje bá wọ̀ bá ọ nínú ìlú, o ti di ará ìlú nìyẹn, ẹrù orí rẹ kò ní sọ̀ mọ́ àfi bí ẹlòmíràn bá kí ọ. Ẹnikẹ́ni tí ẹrù sì wà lórí rẹ̀ kò lè bá ẹnubodè mi jáde."

N kò lóye ìdajì ohun tó sọ. Mo bi í pé kí ló tún yẹ kí àlejò mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ohun tí ìyá rẹ fi ń yangàn nípa rẹ ni kí o ṣọ́ra fún."

Mo ronú. Kí ni ìyá mi tún lè fi yangàn nípa mi bí kò ṣe ìbọn mi? Mo bá fi ìbọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, inú mi dùn pé mo gbọ́n. Òmùgọ̀ ni mí!

Ẹ̀yin ènìyàn, ìlú wà! Ilé ga tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹyẹ ń sinmi lágbedeméjì kí wọ́n tó dé orí rẹ̀. Ọ̀nà fẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ru ẹrù, wọ́n ń sáré, kò sì sí ẹni tó ń wo ojú ẹnì kejì. Ẹlòmíràn ru ilẹ̀kùn, ẹlòmíràn ru kèǹgbè tó kún fún omijé, ẹnìkan ru kànga odidi tí omi rẹ̀ ń dà sí i lẹ́yìn. Mo dúró, mo gbójú sókè, mo la ẹnu sílẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Bí ẹ bá fẹ́ wo ilé gíga, ẹ lọ fara ti ògiri kí ẹ tó wò ó.

Bí mo ṣe dúró, bàbá arúgbó kan ń bọ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó gùn dé kókósẹ̀, ó ru ọlọ ńlá kan. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọmọ Àwẹ̀ró ni mí? Ṣé ẹ mọ̀ pé n kò lè rí arúgbó lábẹ́ ẹrù kí n máa wò ó bí ewúrẹ́? Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá!"

Ọlọ náà fò kúrò lórí rẹ̀, ó bà lé tèmi. Wòó, mo ti gbé ìgalà lódidi láti oko dé ilé láìsọ̀, ṣùgbọ́n ọlọ yìí mú kí eyín mi pàdé ara wọn. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

"Ọmọ dáadáa!" ó ní. "Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti wà ní ọmọge ni mo ti ń retí ẹni tó máa kí mi. Níbí, ẹni tó bá kí ènìyàn kú iṣẹ́ ti gba iṣẹ́ náà nìyẹn. Ìpẹ̀kun ìlú nilé mi wà. Máa bọ̀."

Ẹ óò rò pé ìyẹn tó kọ́ mi lọ́gbọ́n. N kò tíì rìn tó ogún ẹsẹ̀ tí mo fi rí obìnrin kan tó ń dáná. Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó mọ̀: "Ẹ kú ìdáná, màmá!" Ìkòkò náà fò wá, àti ààrò, àti iná. Mo rí ọkùnrin kan tó jókòó sórí àga ọlọ́lá, mo ní, "Ẹ kú ìjókòó o!" Àga náà gun ẹ̀yìn mi, òun náà sì wà lórí àga, kò tilẹ̀ dìde. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ẹrù mẹ́sàn-án ni mo ti gbé kiri ìlú, ilé kọ̀ọ̀kan wà níbi tó jìnnà jù sí èkejì. Ìwà rere tí ìyá mi fi ń yangàn nípa mi rè é. Ìbọn mi wà lọ́dọ̀ oníbodè, kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Mo wọ sí ilé èrò kan. Orúkọ ẹni tó ni ín ni Asùnfúnni, iwin sísanra kan tí ìpéǹpéjú rẹ̀ wúwo. Mo ti bọ́ bàtà, mo ti nà sílẹ̀, kí n tó bi í pé kí ni wọ́n ń gbà. Ó ní, "Ìdajì oorun rẹ ni." Mo ní kò burú. Ẹ wá wo ìyà! Bí mo bá ti pa ojú dé, òun á gba oorun náà, á máa hanrun nínú yàrá kejì, èmi á sì la ojú sílẹ̀ bí ẹja. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ, ẹ bèèrè ohun tí ilé máa gbà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó bọ́ bàtà. Bí ẹ bá ti bọ́ bàtà tán, ẹnu yín kò tólẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ kejì dà bí ti àkọ́kọ́, àfi pé ẹrù náà di mọ́kànlá. Mo ń béèrè àbúrò mi lọ́wọ́ àwọn tí mo ń bá ru ẹrù délé, wọ́n ń ṣẹ́jú sí mi. Ẹnìkan ní kí n lọ bi Ẹlẹ́nu-mẹ́ta ní oríta. Obìnrin ni, ẹnu mẹ́ta ló wà lójú rẹ̀. Mo ní, "Mo ń wá Ọdẹ́rìndé, ọkùnrin kan tó gùn, tí àpá wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀." Ẹnu àkọ́kọ́ ní, "Yà sọ́tùn-ún, ilé kẹta, ó ń jẹun lọ́wọ́." Ẹnu kejì ní, "Yà sósì, ó ti gbé ìyàwó, ó ti bímọ." Ẹnu kẹta ní, "Èmi kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé òkè kan máa ń rìn kọjá níbi ọjà irin ní ọ̀sán."

Mo yà sọ́tùn-ún, mo sọnù. Mo yà sósì, ajá lé mi. Ṣíjúwadé, fi èyí sọ́kàn: bí o bá béèrè ọ̀nà ní ìlú ńlá, ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé òun kò mọ gbogbo rẹ̀ ni kí o fetí sí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, Asùnfúnni gbé omi ìbọ́jú wá fún mi bó ṣe ń ṣe. Ó rẹ̀ mí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè gbé ọwọ́ sókè dé ojú. Mo fi omi náà sílẹ̀, mo wọ́ ara mi jáde pẹ̀lú ipin lójú. Ẹni tí mo kọ́kọ́ pàdé ni ìyá arúgbó kan tó ru ọkọ̀ ojú omi tí àwọn tó ń wà á ṣì wà nínú rẹ̀. Orúnkún mi ti ń tẹ̀. Ẹnu mi ti ń là. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ìyá mi sọ sí mi lọ́kàn. N kò sọ̀rọ̀. Mo gbé ìka mi sókè, mo fi tọ́ka sí ojú ara mi.

Ìyá arúgbó náà ṣòṣé. "Áà, kò tíì bọ́jú," ó ní, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn iwin pàápàá mọ̀ ọ́n! Àwọn iwin gbà á lọ́wọ́ ènìyàn! Mo wo ìka mi, ó ṣì wà lókè níwájú ojú mi bẹ́ẹ̀, mo sì rí Ọdẹ́rìndé bó ṣe dúró níwájú ilé wa lọ́jọ́ náà. Mo jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, mo sunkún. Ẹ má wojú mi. Àgbàlagbà ni mí nígbà náà, mo sì sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lọ́mú. Ohun tó yé iwin, kò yé èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn n kò bọ́jú mọ́. Ipin gbẹ mọ́ mi lójú, eruku bò ó, mo ń tọ́ka sí ojú mi kiri ìlú, ẹrù kankan kò sì gorí mi. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo dé ọjà irin ní ọ̀sán gangan. Òótọ́ ni Ẹlẹ́nu-mẹ́ta sọ. Òkè kan ń bọ̀. Ọlọ, ilẹ̀kùn, àpótí, ọkọ̀, odó, agbada, pẹpẹ, òrùlé ilé méjì, gbogbo rẹ̀ dì pọ̀, ó ń mì. Ọkùnrin kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí ọrùn rẹ̀ ti wọnú èjìká. Àpá wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

Ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù ni pé ó ń kí ènìyàn. Ó ń tẹ orúnkún pẹ̀lú gbogbo òkè yẹn lórí. "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ kú ìrìn o, sà. Ẹ kú òwò." Kò yọ ẹnì kan sílẹ̀. Ó kí ajá tó ń lọ. Bó bá ti kí wọn báyìí, ẹrù wọn á fò sórí tirẹ̀.

Mo sáré tọ̀ ọ́, mo tọ́ka sí ojú mi. Ó dá mi mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kò tíì bọ́jú. Ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn."

Mo lè bá a sọ̀rọ̀, ìkíni nìkan ni n kò lè kí i. Mo ní, "Ọdẹ́rìndé, kí ló dé tó o fi ń kí wọn? Ṣé o kò mọ ohun tó ń fà?"

Ó ní, "Mo mọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ṣùgbọ́n ẹ ní n kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn. Mo wá búra pé ẹnikẹ́ni kò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún mi mọ́ láyé."

Mo sọ fún un pé ìyá wa ń retí wa, pé kò lè dìde mọ́. Omi dà lójú rẹ̀. Ó ní oòrùn ọjọ́ keje ti wọ̀ bá òun tipẹ́, ẹrù òun kò lè sọ̀ mọ́ àfi bí ẹnìkan bá kí òun, ta ló sì máa kí òun nílùú yìí?

Odidi ọjọ́ kẹfà ni mo fi gbìyànjú. Mo fi ọwọ́ fa àwọn ẹrù náà, wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Mo bẹ àwọn ará ìlú kí ẹnìkan kí i, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di inú mú. Mo bẹ Asùnfúnni pé kó gba gbogbo oorun mi títí n óò fi kú, kó ṣáà kí i. Ó ní òun kì í ru nǹkan tó wúwo ju ìpéǹpéjú òun lọ.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ keje ṣe mọ́, kókó kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ mi. Mo mọ ohun tó kù. Bí mo bá kí i, òkè yẹn á gorí mi, kò sì sí bí mo ṣe lè gbé ọgọ́rùn-ún ẹrù dé ọgọ́rùn-ún ilé kí oòrùn tó wọ̀. Èmi ni n óò wá di ará ìlú. Ṣùgbọ́n ìyá wa ní kí àbúrò mi wá. Ó kéré tán, ọmọ kan á délé, ọmọ tí kò jẹ̀bi sì ni.

Mo bu omi sínú igbá, mo lọ bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnubodè. Ìkíni ẹni tí kò bọ́jú kì í ṣe ìkíni. Ó rí igbá náà, ó mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe, ó ń pariwo, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun! Ẹ má bọ́jú! Ẹ jọ̀ọ́ o!" Mo bọ́jú. Ipin ọjọ́ mẹ́rin wọ́ dànù. Omi náà tutù, ó dùn mọ́ mi lára ju wáìnì lọ.

Mo gbé àyà mi lọ sílẹ̀ níwájú àbúrò mi. Èmi Ọdẹ́bùnmi, tí mo fi ọdún mọ́kànlá jù ú lọ. Mo fẹ́ kí i bí wọ́n ṣe ń kí àgbà: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ẹrù. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

Ṣé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ lè dúró kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀? Kí n tó kan ilẹ̀, òun náà ti ń bọ̀ nílẹ̀. Àyà tèmi àti tirẹ̀ balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn wa jáde lẹ́ẹ̀kan náà: "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Òkè náà gbéra lórí rẹ̀. Ó wá sọ́dọ̀ mi, ó kan èjìká mi òsì, ohun tó tẹ̀ mí lọ́rùn nìyẹn. Ó padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó tún wá sọ́dọ̀ mi. Kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ kí èkejì. Ó wá já sílẹ̀ láàárín wa gbàà, gbogbo ọlọ, gbogbo ilẹ̀kùn, gbogbo òrùlé. Àwọn tó ni ẹrù ń sáré bọ̀, wọ́n ń pariwo olè. Mo fà á lọ́wọ́. Oníbodè kásẹ̀ sókè, ó wo orí wa méjèèjì, kò rí nǹkan kan níbẹ̀, ó sì jẹ́ kí a kọjá. Kò dá ìbọn mi padà. N kò bèèrè.

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ nígbà tí a dé abúlé wa. Ọláwùmí, aládùúgbò wa tó ń tọ́jú ìyá wa, pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ yára," ó ní. "Ìyá yín kò jẹ́ kí omi kan ojú wọn láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ wá Ọdẹ́rìndé. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ báyìí, wọ́n á máa wo ẹnu ọ̀nà níbi tí ẹnikẹ́ni kò sí, wọ́n á ní, 'Mi ò tíì bọ́jú o, ẹ máa lọ ná.' A rò pé orí wọn ti yí."

A wọlé. Ojú ìyá wa ti dúdú fún ìdọ̀tí, ipin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di í pa. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ méjì. Kò bi wá léèrè ohunkóhun. Ó ní, "Ẹ bu omi wá."

Ọdẹ́rìndé ló gbé igbá, èmi ni mo fi ọwọ́ wẹ ojú náà, díẹ̀díẹ̀, títí ojú ìyá wa fi yọ. Ó tún dà bí ọmọge. A dọ̀bálẹ̀, àwa méjèèjì, lẹ́ẹ̀kan náà. "Ẹ káàárọ̀, mà."

"Àkànmú," ó pè mí, "o ṣeun. Àlàó," ó pe àbúrò mi, "ṣé dáadáa lo jí?" Ó fi ọwọ́ kan orí wa. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó wo ẹnu ọ̀nà kọjá orí wa. "Ẹ káàárọ̀ o," ó ní. "Ẹ má bínú pé mo jẹ́ kí ẹ dúró pẹ́. Mo ti bọ́jú báyìí."

A yíjú padà. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí a óò fi tún wo ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti lọ.

Ó tó. Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ lọ di ẹrù yín, kí ó má ju àpò kan lọ. Kí Ọlọ́run bá yín lọ, kó sì bá yín bọ̀, àdúrà náà nìyẹn. Ẹ má gbójú sókè láàárín títì, ẹ bèèrè kí ẹ tó bọ́ bàtà, ẹ má sì jẹ́ kí oòrùn ọjọ́ keje wọ̀ bá yín níbẹ̀. Bí ẹ bá bá ara yín jà lọ́nà, ẹ parí rẹ̀ kí ẹ tó sùn.

Ṣíjúwadé, ìwọ dúró. Nu ojú rẹ, a kò ì tíì sunkún báyìí. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọmọ ti ń sọ̀rọ̀ ikọ́ mi láàárín ara yín, àti bí mo ṣe rù. Ọ̀la, bí ẹ bá ń kọjá lọ síbi ọkọ̀, ẹ óò rí mi lórí àpótí yìí. O máa kúnlẹ̀ kí mi, n kò sì ní dá ọ lóhùn, ìka mi nìkan ni n óò gbé sókè. Má rò pé mo ń bínú. Ní ọjọ́ kẹjọ, ìwọ ni kí o bu omi wá.